Ẹ Jókòó, Iṣẹ́ Ń Lọ

Ìyàwó mi ní kí n yé yangàn. Ó ní láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, kò sẹ́ni tó wọ ilé wa tí mi ò tíì rò ó fún, títí kan ọkùnrin tó wá tún páìpù omi ṣe. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ti fi gbogbo ọjọ́ ayé mi yin ọmọ ọlọ́mọ nínú kíláàsì, ta ló wá sọ pé n kò gbọdọ̀ yin tèmi? Ẹ jẹ́ n yangàn jàre. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́, kó dí etí.

Tíṣà ni mí. Èkìtì ni wọ́n bí mi sí, Ìdímù ni mo ti di àgbà. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, mo kọ́ gbọ̀ngàn kan sí iwájú ilé mi, ibẹ̀ ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní lẹ́sìnnì lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Ọmọbìnrin méjì ni Ọlọ́run fún èmi àti Fọláṣadé ìyàwó mi. Olútóyìn ni ẹ̀gbọ́n, òun ló kàwé kọ̀ǹpútà. Olúwadárasími ni àbúrò, orí òun sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé.

Lọ́dún tó kọjá, Dárasími lọ ṣe ìdánwò tí wọ́n fi ń wọ yunifásítì. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń ṣe é báyìí, ẹ mọ̀. Ibi tí wọ́n pín in sí jìnnà sí wa, ìrìn àjò gidi ni. Ọmọ náà ti kàwé débi pé ó ń dárúkọ kẹ́míkà lójú oorun. Ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń dáhùn ìbéèrè bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. Àfi lójijì tí iná lọ. Gbogbo ojú kọ̀ǹpútà di dúdú lẹ́ẹ̀kan náà. Jẹnẹrétọ̀ wà níbẹ̀ o, wọn kò parọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò tan án ń wá ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tan án tán, kọ̀ǹpútà àwọn ọmọ kan ṣì rántí ibi tí wọ́n dé dúró. Ti Dárasími kò rántí nǹkan kan. Wọ́n ní kó lọ jókòó síbòmíràn, kó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ aago kò dúró dè é. Èsì tó jáde, mi ò ní kà á fún yín. Inú bí mi débi pé mo bá rédíò jà, torí pé òun ló wà nítòsí.

Láti ọjọ́ náà ni nǹkan kan ti bà jẹ́ lára ọmọ yẹn. Gbogbo wa la máa ń pariwo "Háà!" bí iná bá lọ. Ta ni kì í ṣe é ní Ìdímù? O lè wà ní balùwẹ̀, o lè wà lórí àdúrà, ẹnu rẹ á ti sọ ọ́ kí ọkàn rẹ tó mọ̀. Ṣùgbọ́n ti Dárasími yàtọ̀. Bí iná bá ti lọ báyìí, á fò dìde, á káwọ́ lérí. Ì báà ṣe tẹlifíṣọ̀n lásán là ń wò. Á dúró bẹ́ẹ̀ títí ìyá rẹ̀ á fi gbá a mọ́ra. Mò ń wò ó, inú mi ń bà jẹ́, mo sì ń ṣe bí ẹni tí kò rí i, torí mi ò mọ ohun tí mo lè sọ.

Tóyìn ló sọ̀rọ̀. A ń jẹun ọ̀sán lọ́wọ́ ní ọjọ́ Àìkú kan, ó gbé ṣíbí rẹ̀ kalẹ̀.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní gbọ̀ngàn yẹn."

"Kí o fi ṣe kí ni?"

"Ibùdó ìdánwò. Kí àwọn ọmọ Ìdímù lè máa ṣe ìdánwò wọn ní Ìdímù. Ibi tí iná ti lè lọ, kí nǹkan kan má sì ṣẹlẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ṣebí jẹnẹrétọ̀ ńlá mi wà lẹ́yìnkùlé, kí ló tún kù? Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ fún yín, ní gbogbo òpópónà wa, kò sẹ́ni tó ń yára tan jẹ́n tó mi. Alájì Sùrájù tó ń lọ ata ní ojúlé kejì sí tiwa máa ń sọ pé eré tí mo ń sá lọ sẹ́yìnkùlé kì í ṣe eré ẹni tó ti fẹ̀yìn tì.

"Dádì, ẹ ń gbìyànjú," ni Tóyìn wí. "Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí iná bá lọ sí ìgbà tẹ́ ẹ bá tan jẹ́n, kí ló ń gbé kọ̀ǹpútà dúró?"

"Kí ló fẹ́ gbé e dúró? Ìṣẹ́jú mélòó ni?"

"Kọ̀ǹpútà ò mọ ìṣẹ́jú. Kẹ́ ẹ tó gbé ẹsẹ̀ àkọ́kọ́, ó ti kú. Àárín yẹn gan-an ni iṣẹ́ Dárasími kú sí."

Mo gbà. N kì í sábà gbà. Mo fún un ní gbọ̀ngàn.

Ohun tó kọ́kọ́ kó wọlé kì í ṣe kọ̀ǹpútà. Àwọn àpótí dúdú kéékèèké kan ni, àlòkù, tó lọ ṣà ní ọjà kọ̀ǹpútà ní Ìkẹjà. UPS ni wọ́n ń pè é. Bátìrì wà nínú rẹ̀. Iná á gba inú rẹ̀ kọjá lọ sára kọ̀ǹpútà, bí iná bá sì lọ, bátìrì á gbà á kí kọ̀ǹpútà tó mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Kò lè gbé e títí ilẹ̀ á fi ṣú o, ṣùgbọ́n ó lè gbé e dé ọwọ́ jẹ́n. Bí Tóyìn ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi nìyẹn, ó sì yé mi.

Ẹ wá wo ọmọ tí mo bí lórí ìjókòó. Ó ń tú àwọn àpótí náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń yọ bátìrì tó ti wú kúrò, ó ń fi tuntun sí i. Tó bá tò ó tán, á so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn, á wá fa wáyà rẹ̀ yọ lára ògiri lójijì. Èyí tó bá gbé kọ̀ǹpútà dúró, ó yege. Èyí tó bá jẹ́ kó kú, Tóyìn á fi ọ̀dà èékánná pupa sàmì sí i lórí, á dá a padà sórí tábìlì iṣẹ́. Nínú ilé, Fọláṣadé ń wá ọ̀dà èékánná rẹ̀ káàkiri, ó ń bi mí bóyá mo rí i. Èmi? Kí ni mo fẹ́ fi ọ̀dà èékánná ṣe?

Òun náà ló wá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ibi tó wà. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, iná kò sí, ó sì fẹ́ lọ aṣọ ẹgbẹ́ obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ó yọ́ wọ gbọ̀ngàn, ó ki áyọ́ọ̀nù bọ ẹ̀yìn UPS kan tí bátìrì rẹ̀ ti kún. Àpótí náà ké pẹ́ẹ́ẹ́, ó dákẹ́, kò fọhùn mọ́. Tóyìn sáré wọlé.

"Ha, Mọ́mì! Kọ̀ǹpútà ló lè gbé. Áyọ́ọ̀nù ti wúwo jù fún un."

"Áyọ́ọ̀nù tí mo fi ọwọ́ kan ṣoṣo gbé yìí?"

 Tóyìn yọ ìgò kékeré kan lápò, ó fi ọ̀dà pupa sàmì sórí àpótí náà níṣojú ìyá rẹ̀. Ibẹ̀ ni Fọláṣadé ti rí ọ̀dà èékánná rẹ̀. Àwọn méjèèjì wo ara wọn títí, ẹ̀rín pa wọ́n, èmi tí mo wà lẹ́nu ọ̀nà ni mi ò mọ ohun tí wọ́n ń fi rín.

Nígbà tó yá, kọ̀ǹpútà dé, wọ́n kún gbọ̀ngàn láti iwájú dé ẹ̀yìn, UPS kọ̀ọ̀kan sì jókòó sábẹ́ tábìlì kọ̀ọ̀kan. Mo rò pé iṣẹ́ ti parí. Tóyìn ní kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ kan, àwọn ọmọ lẹ́sìnnì mi jókòó, wọ́n ń fi ìdánwò dánra wò. Tóyìn kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ó yọ́ lọ sídìí ibi tí iná ti ń wọlé, ó já a.

Gbogbo UPS bẹ̀rẹ̀ sí í ké lábẹ́ tábìlì: píì, píì, píì. Kọ̀ǹpútà kankan kò kú. Ojú wọn mọ́lẹ̀ kedere. Àwọn ọmọ ló kú! "Háà! NEPA!" ni gbogbo wọn fi ẹnu kan ké. Ọ̀kan tẹ ibi tí wọ́n fi ń parí ìdánwò nígbà tí kò tíì dáhùn ìdajì, ó ní kí èyí tóun ti ṣe má bàa ṣòfò. Henry, ọmọ ẹlẹ́ran ẹnu ọ̀nà, ti gbé sálúbàtà rẹ̀, ó ti dé ẹnu ìlẹ̀kùn. Láàárín gbogbo ariwo yìí, Dárasími wà lórí ìdúró, ó káwọ́ lérí.

"Kí ló ń lé yín?" ni Tóyìn bi wọ́n.

"Àǹtí, ó ń ké," ni Henry dáhùn. "Ó ti fẹ́ kú nìyẹn."

Mi ò bá ọmọ náà wí. Níbi tí à ń gbé, ohun tó bá ń ké, ó ti ń kú lọ ni. Mítà iná wa a máa ké báyìí gan-an bí iná tí a rà sínú rẹ̀ bá fẹ́ tán, èèyàn á sì sáré pa fíríìjì, á sáré pọn omi, á ṣe gbogbo ohun tó fẹ́ ṣe kí òkùnkùn tó dé. Ìyá wọn ti kọ́ wọn bẹ́ẹ̀, èmi náà ti kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí a kọ́ láti máa sá, ó ń sá, kí la fẹ́ kó ṣe?

"Kì í ṣe ẹkún ló ń sun," ni Tóyìn wí. "Ó ń jẹ́ yín lóhùn ni. Iná ti lọ, òun wá ń sọ pé, 'Mo wà ńbí.' Ẹ jókòó. Iṣẹ́ ń lọ."

Mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́yìn náà, mo ní ṣé kò lè pa wọ́n lẹ́nu mọ́ ni, kí ara tu àwọn ọmọ. Ó ní ó ṣeé ṣe. "Ṣùgbọ́n èyí tó bá dákẹ́, Dádì, báwo la ṣe máa mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́ àbí ó ti kú?" Mo ronú sí i, mo rí i pé òótọ́ ni. Láti ìgbà náà ni mo ti ń gbádùn igbe wọn.

Bó ṣe di àṣà nìyẹn. Tóyìn á já iná nígbà tí wọn kò retí rẹ̀, á ní, "Ẹ jókòó, iṣẹ́ ń lọ." Wọ́n kọ́kọ́ yé sáré. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n yé pariwo. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, wọn kò gbójú sókè mọ́, igbe náà á kàn máa lọ lábẹ́ tábìlì, ìka wọn á máa lọ lórí kọ̀ǹpútà. Ìyá Henry wá bá mi, ó ní kí la ṣe fọ́mọ òun, ó ní iná lọ nílé lálẹ́ àná, gbogbo ilé pariwo, Henry nìkan ló ń jẹ ẹ̀bà rẹ̀ lọ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Inú mi dùn títí. Èmi fúnra mi ṣì ń pariwo o. Wọn kò fi mí sí kíláàsì yẹn.

Dárasími nìkan ló kù. Kò pariwo mọ́, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ tí wọ́n já iná tí kì í dìde. "Àǹtí Tóyìn, mo mọ̀ pé kò ní kú," ló sọ ní ọjọ́ kan, omi ti kún ojú rẹ̀. "Orí mi mọ̀. Ẹsẹ̀ mi ni kò mọ̀." Tóyìn kì í fọwọ́ kàn án, kì í sì í bá a wí. Á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á ní, "Jókòó. Iṣẹ́ ń lọ." Ọmọ náà á sì jókòó.

Nígbà tó yá, àwọn tó ń fọwọ́ sí ibùdó ìdánwò ránṣẹ́ pé olùbẹ̀wò ń bọ̀. Àwọn ọmọ á jókòó sídìí ìdánwò ìdánrawò, olùbẹ̀wò á sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa iná. Bí kọ̀ǹpútà kan bá kú, tàbí tí iṣẹ́ ọmọ kan bá sọnù, a ò ní ríwèé àṣẹ gbà lọ́dún yìí nìyẹn, ibi tó jìnnà yẹn náà ni Dárasími àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á sì tún padà lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú, mo pe Tóyìn sí pálọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ti ń gbóná nínú mi látàárọ̀.

"Dárasími kò ní jókòó lọ́la," ni mo wí. "Kó bá ìyá rẹ̀ lọ ra gàrí ní Shasha."

Tóyìn kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, Dádì. Iwájú gan-an ni mo fi í sí."

"Iwájú! Kí olùbẹ̀wò wá bá a tó káwọ́ lérí bí ẹni tí ilé rẹ̀ jó? Ṣé o fẹ́ kí gbogbo làálàá yìí wọmi ni? Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá. Jẹ́ kó máa sá, kó sá lọ sí Shasha!"

"Ojú tó ti rí òkun kò ní rí ọ̀sà kó bẹ̀rù, Dádì."

Èmi ni mo kọ́ ọmọ yẹn lówe. Ẹ wá wo orí ẹni tó lò ó lé.

"Nítorí ta ni mo ṣe ṣe ibí?" ni Tóyìn tún wí, ohùn rẹ̀ ti ń yí padà. "Tí wọ́n bá fún wa níwèé àṣẹ, tí Dárasími sì wà ní Shasha tó ń sá fún iná, kí ni mo ṣe?"

Mo ti la ẹnu láti dá a lóhùn, Fọláṣadé ló dá sí i. "Bàbá Tóyìn, ẹ̀yin àti Tóyìn lẹ̀ ń jà sí ọ̀rọ̀ yìí. Ṣé ẹnikẹ́ni ti bi ọmọ náà?"

Kò sẹ́ni tó bi í. Ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì ló dúró sí, abọ́ ló gbé lọ́wọ́, ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ojú tì mí díẹ̀.

"Mo fẹ́ jókòó, Dádì," ló wí jẹ́jẹ́. Ó wá yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Tí mo bá tún dìde ńkọ́?"

"Kó o tún jókòó," ni Tóyìn dáhùn. "Kò sóhun tó burú níbẹ̀."

Ọ̀gbẹ́ni Ọláyíwọlá ni orúkọ olùbẹ̀wò tó wá, ọkùnrin sísanra kan tó gbé fáìlì sábẹ́ abíyá, tí kì í rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ò ní mu omi, òun ò ní jẹ nǹkan kan, òun kàn fẹ́ ṣiṣẹ́ òun ni. Mo fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó dà bí èmi nígbà tí mo jẹ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo abẹ́ tábìlì, ó fọwọ́ kan wáyà. Àwọn ọmọ ti wà lórí iṣẹ́. Dárasími wà níwájú, ẹ̀yìn rẹ̀ gún gbọnrangandan.

Iṣẹ́ tèmi ni jẹ́n. Ẹ̀yìnkùlé ni mo wà, kọ́kọ́rọ́ jẹ́n wà lọ́wọ́ mi, mo sì ń wo inú gbọ̀ngàn láti ojú fèrèsé. Tóyìn ti kìlọ̀ fún mi dáadáa. Ó ní olùbẹ̀wò fẹ́ rí i pé bátìrì nìkan lè gbé iṣẹ́ náà, nítorí náà n kò gbọdọ̀ tan jẹ́n àyàfi tóun bá na ọwọ́ sí mi lójú fèrèsé. Ó wo ojú mi nígbà tó ń sọ ọ́. "Dádì, ẹ̀yin gan-an lẹ̀rù yín ń bà mí jù o." Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ!

Ọ̀gbẹ́ni Ọláyíwọlá sọ fún Tóyìn pé kó mú òun lọ sídìí ibi tí iná ti ń wọlé, kí òun pa á. Ó ti yí ẹ̀yìn padà, ó ń rìn bọ̀ láàárín tábìlì. NEPA kò dúró dè é. Iná lọ.

"Háà!" ni gbogbo òpópónà ké. Ẹ̀rọ ata Alájì Sùrájù kú lẹ́nu iṣẹ́, mo gbọ́ tí Alájì ń bú ẹni tí kò sí níbẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ti gbéra. Mo fi Ọlọ́run búra, kọ́kọ́rọ́ ti wọ inú jẹ́n kí n tó mọ̀ pé mo ti rìn débẹ̀. Mo rántí ojú Tóyìn, mo fa ọwọ́ mi kúrò bí ẹni tó fọwọ́ kan iná, mo padà sójú fèrèsé.

Píì, píì, píì lábẹ́ gbogbo tábìlì. Ojú gbogbo kọ̀ǹpútà mọ́lẹ̀. Mo fi ojú wá Dárasími. Ọwọ́ rẹ̀ ti kúrò lórí kọ̀ǹpútà, ó wà lófuurufú. Ó ti ń dìde. Ìdí rẹ̀ ti kúrò lórí àga, mo rí i kedere, mo sì sọ nínú ara mi pé, ó parí. Mo di irin ojú fèrèsé mú. Tóyìn jìnnà sí i, ẹ̀yìn gbọ̀ngàn lóhùn-ún ló wà, kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò sì sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún ọmọ náà pé kó jókòó.

Ó jókòó. Òun fúnra rẹ̀ ló jókòó. Ọwọ́ rẹ̀ padà sórí kọ̀ǹpútà, ìka kan bẹ̀rẹ̀, òmíràn tẹ̀ lé e.

Ìgbà yẹn ni ẹnìkan pariwo nínú gbọ̀ngàn. "Yéè! Wọ́n ti mú iná! Jẹ́n dà? Ẹ tan jẹ́n, ẹ tètè tan jẹ́n kó tó kú!" Mo wò yíká, mo ń wá ọmọ tó fẹ́ kó wa sí wàhálà. Kì í ṣe ọmọ. Ọ̀gbẹ́ni Ọláyíwọlá ni. Fáìlì rẹ̀ ti já bọ́, ìwé ti fọ́n sílẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹnu ìlẹ̀kùn. Ọmọ Èkó lòun náà, àbí kí lẹ rò? Ohun tó fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, nígbà tí NEPA bá a ṣe é, ó gbàgbé pé òun ló ní iṣẹ́ náà.

Nínú gbogbo gbọ̀ngàn, kò sí ọmọ tó gbójú sókè wò ó. Dárasími nìkan ló fọhùn, torí pé ẹ̀gbẹ́ tábìlì rẹ̀ ni ọkùnrin náà ń gbà sá lọ. Kò yí ojú kúrò níbi iṣẹ́ rẹ̀. Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ tí wọ́n fi ń bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀ sọ ọ́.

"Ẹ jókòó, sà. Iṣẹ́ ń lọ."

Ọ̀gbẹ́ni Ọláyíwọlá dúró. Ó wo kọ̀ǹpútà iwájú, ó wo ti ẹ̀yìn, ó wo àwọn ọmọ. Ó fa àga kan, ó jókòó lóòótọ́, ó sì fi áńkáṣífù nu iwájú orí rẹ̀. Ó jókòó bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó ń gbọ́ igbe àwọn UPS. Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀ tán, ó mi orí sí Tóyìn. Tóyìn na ọwọ́ sí mi. Mo tan jẹ́n, ìgbà kan ṣoṣo ló sì gbà. Igbe dákẹ́ lábẹ́ tábìlì. Àwọn ọmọ kò gbójú sókè fún ìyẹn náà.

Iṣẹ́ kankan kò sọnù. Ọkùnrin náà yẹ gbogbo kọ̀ǹpútà wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò rí nǹkan kan gbá mú. Nígbà tó ń ṣa ìwé rẹ̀ nílẹ̀, mo ti wọlé dé. Ó wo Tóyìn lójú.

"Ṣé ẹ rí i, ma, bátìrì, mo ti rí i níbi púpọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí iná lọ mọ́ lójú tí kò pariwo, mi ò rí i rí. Níbo lẹ ti kó wọn wá?"

"Ìdímù níbí ni, sà," ni Tóyìn dáhùn. "Àdúgbò yìí ni gbogbo wọn."

"Èyí tó wà níwájú yẹn ńkọ́? Tó ní kí n jókòó?"

Tóyìn la ẹnu. Mi ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀. "Ọmọ mi ni," ni mo wí. "Àwọn méjèèjì, ọmọ mi ni wọ́n." Mo sọ ọ́ sókè ju bó ṣe yẹ lọ. Ọkùnrin tí kì í rẹ́rìn-ín yẹn rẹ́rìn-ín, ó sì bọ̀ mí lọ́wọ́. Omi tó ní òun ò ní mu, ó mu ún.

Ìwé àṣẹ dé lẹ́yìn náà, pátákó sì wà lẹ́nu ọ̀nà wa báyìí, ẹ wá wò ó bí ẹ bá ń wọkọ̀ kọjá lọ sí Ìkọ̀tún. Ṣùgbọ́n pátákó kọ́ ni mo fi ń yangàn. Nígbà tí olùbẹ̀wò lọ tán lọ́jọ́ náà, àwọn ọmọ ti tú ká, Dárasími jáde wá bá mi ní ẹ̀yìnkùlé, níbi tí mo ti ń fi tapólì bo jẹ́n. Ó bá mi di etí tapólì kan mú.

"Ṣé ẹ̀rù ò bà ọ́ ni?" ni mo bi í.

"Ẹ̀rù bà mí, Dádì. Ẹsẹ̀ mi tún dìde." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí mi ò tíì rí lẹ́nu rẹ̀ láti ọdún tó kọjá. "Mo kàn sọ fún un pé kó jókòó ni."

Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Mo sọ fún un pé èéfín jẹ́n ló wọ̀ mí lójú. Jẹ́n náà sì rèé, a ti pa á tipẹ́, torí pé iná ti dé.